Ilẹ̀ Òfìfo Àdúgbò Wa: Ààtàn Ni Tàbí Oko Ẹ̀fọ́?

 

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ó ṣófo láàrin ilé ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Agége, Ògbà, Ìfàkọ̀ àti ẹ̀yìn àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Pùlọ́ọ̀tì kan á wà láàrin ilé méjì, olówó rẹ̀ ò tíì kọ́ ọ. Lónìí ẹnìkan á ju ọ̀rá síbẹ̀, lọ́la ẹlòmíràn á gbé garawa ìdọ̀tí dé. Kí oṣù tó parí ó ti di ààtàn. Ẹ̀fọn á dé, eku á dé, àwọn tí ń fa igbó á fi ṣe ilé. Obìnrin tí ó ń bọ̀ láti ibi ìrun àṣámù á máa sáré kọjá níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ oko ni Agége tẹ́lẹ̀. Ní 1907 ni Jacob Kehinde Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Kòkó àti obì ni wọ́n ń gbìn. Nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation jáde ní 1976, wọ́n ní kí olúkúlùkù gbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ẹni tí ó gbin ilá rí ilá jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ wá onílẹ̀ lọ. Ẹ gba ìyọ̀ǹda, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ọjọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́lé ẹ máa kúrò. Ọ̀pọ̀ wọn á yọ̀, torí ilẹ̀ tí èèyàn ń tọ́jú kì í tètè kó sọ́wọ́ oníjìbìtì. Ẹ má ṣe wọ ilẹ̀ onílẹ̀ ní tipátipá. Ànábì kọ́ wa pé ohun tí èèyàn tàbí ẹyẹ bá jẹ nínú ohun tí a gbìn, sàráà ni fún wa. Ṣé èyí tí a jà gbà lè di sàráà?

Tẹ̀tẹ̀ ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tí a ó fi já a. Ará ilé kan á bomi rin ín láàárọ̀, òmíràn nírọ̀lẹ́, àwọn tí kì í kíra wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí kíra.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ilẹ̀ Ìkẹjà kì í ṣe ilẹ̀ Ìsẹ́yìn. Omi gọ́tà tí ó ń ti ilé-iṣẹ́ jáde, ẹ má fi rin ẹ̀fọ́. Ibi tí mẹkáníìkì tàbí oníbátìrì ti ṣiṣẹ́ rí, òjé lè wà nínú erùpẹ̀ rẹ̀, òjé kan náà tí ó pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Zamfara ní 2010. Èyí tí ó bá ti wọ inú ewé lọ, iyọ̀ ò lè fọ̀ ọ́ kúrò, iná ò sì lè sè é dànù. Ní irú ibẹ̀, ẹ ra ilẹ̀dú láti ibòmíràn, ẹ rọ ọ́ sínú àpò, kí ẹ gbìn sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi omi òjò tàbí omi ẹ̀rọ rin ín. Àpò ìrẹsì tí a ti jẹ tán pọ̀ nílé wa nínú oṣù yìí. Ẹ má jù wọ́n nù.