Ìwọ̀n Méjì Lórí Wáyà Kan

Ọ̀rọ̀ tí a ó gbé yẹ̀ wò lálẹ́ yìí kan àpò gbogbo ẹni tí ń fi owó rẹ̀ ra íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ ní Èkó, ìbáà jẹ́ ní Tafo. Tafo ti ìlú Kumasi ni a ń wí, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí kòkó ní ìhà ìlà-oòrùn Gana. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti Ọ̀fà ni ó ti ṣòwò ní Kumasi, kí òfin tí ìjọba Busia ṣe ní oṣù November ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé. Òfin náà lé ènìyàn, kò já okùn ẹbí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin kan tí ó wà ní Tafo lónìí, tí ìyá rẹ̀ kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọ̀nà kò sì gbà á láti lọ síbi ìsìnkú. Àwọn àbúrò rẹ̀ ya fídíò ìsìnkú náà, ó jẹ́ gígábáìtì kan, wọ́n sì fi í sí orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ̀gbọ́n wọn lè gbà á. Àwọn tí ó ta íntánẹ́ẹ̀tì fún un ti sọ fún un pé ìyára wọn jẹ́ “mẹ́gá mẹ́wàá” ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó fi mẹ́wàá pín ẹgbẹ̀rún, ó rí ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ó jókòó, ó ń wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, fídíò kò tíì parí. Ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Lọ́jọ́ kejì ó lọ san owó kún owó.

Bẹ́ẹ̀ ni wáyà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti wí gan-an. Mẹ́gábíìtì ni wọ́n tà fún un, mẹ́gábáìtì ni ó rò pé òun rà. Bíìtì mẹ́jọ ni ó ń di báìtì kan. Bí a bá fi mẹ́jọ pín mẹ́wàá, a ó rí 1.25 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fídíò náà yóò sì gba 800 ìṣẹ́jú àáyá, èyíinì ni ìṣẹ́jú mẹ́tàlá àti ogún ìṣẹ́jú àáyá. Nínú ìwé, b kékeré ni ti bíìtì, B ńlá ni ti báìtì. Ta ni yóò ti inú ọkọ̀ tí ń sáré mọ ìyẹn lórí pátákó ìpolówó?

Ìwọ̀n méjèèjì yìí kò ti ilé kan náà wá. Àwọn onítẹlifóònù ti ń ka bíìtì kí kọ̀ǹpútà tó wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ wọn ń wọn ohùn ènìyàn ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń fi bíìtì mẹ́jọ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: 64,000 bíìtì fún ohùn kan. Ní Yúróòpù àti ní ìhà tiwa níhìn-ín, ìkànnì 32 irú èyí ni wọ́n ń dì pọ̀, tí wọ́n ń pè ní E1; 30 ń gbé ohùn, méjì ń ṣe ìtọ́nà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,048 kílóbíìtì. Àwọn ará Amẹ́ríkà di 24 pọ̀, wọ́n fi 8,000 bíìtì ìtọ́nà kún un, ó di 1,544 kílóbíìtì, wọ́n sì pè é ní T1. Bí ọkùnrin wa bá ní odindi E1 kan fún ara rẹ̀, 256,000 báìtì ni yóò máa rí gbà ní ìṣẹ́jú àáyá. Fídíò ìyá rẹ̀ yóò sì gbà ju wákàtí kan lọ.

Fífi mẹ́jọ pín pàápàá kò bá gbogbo ìgbà mu. Ẹ̀rọ télẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ń rìn ní 50 baud, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan ń gba ìwọ̀n méje àbọ̀: ọ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀, márùn-ún fún lẹ́tà, ọ̀kan àbọ̀ fún ìdúró. Lẹ́tà rẹ̀ kò pé méje ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí ọ̀pọ̀ wáyà kọ̀ǹpútà tí ó tẹ̀ lé e, báìtì kọ̀ọ̀kan ní bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́jọ tirẹ̀, nítorí náà mẹ́wàá ni wọ́n fi ń pín: 9,600 bíìtì di 960 báìtì.

Ọ̀fìn kejì wà nínú ọ̀rọ̀ “kílò” fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún géérégé ni lọ́dọ̀ onítẹlifóònù. Àwọn oníkọ̀ǹpútà mìíràn ń kà á sí 1,024, nítorí ìlọ́po méjì-méjì ni ẹ̀rọ wọn fi ń ṣírò. Ìdí nìyí tí àpótí ìpamọ́ tí wọ́n kọ 500 gígábáìtì sí lára fi lè fi 465 hàn nínú kọ̀ǹpútà, láìsí olè níbẹ̀. Àjọ àgbáyé tí ń ṣètò ìwọ̀n ohun èlò iná mọ̀nàmọ́ná fún kílò ti 1,024 ní orúkọ tirẹ̀ ní ọdún 1998, ṣùgbọ́n ènìyàn díẹ̀ ni ó ń lò ó. Kí 2,048 ti orí E1 má sì tan ẹnikẹ́ni: 64 ní ọ̀nà 32 ni, kò bá 1,024 tan.

Ará Tafo kò ṣàjèjì sí ohun tí ń jẹ́ orúkọ kan fún ìwọ̀n méjì. Ní oṣù July ọdún 2007, Gana sọ 10,000 sídì di sídì kan. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń pe 100 sídì ní mílíọ̀nù kan. Kò sí ìjà níbẹ̀, nítorí ẹni tí kò yé lè béèrè lójú ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń tajà. Pátákó ìpolówó kò ní ẹnu.

Ní èrò tiwa, àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kò purọ́ nígbà tí wọ́n bá fi bíìtì sọ ìyára. Bíìtì ni gbogbo ayé fi ń sọ ọ́. Ohun tí kò dára ni pé báìtì ni wọ́n fi ń ta ìwọ̀n dátà lórí ìwé kan náà tí wọ́n ti fi bíìtì polówó ìyára. Àjọ tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Gana àti ti Nàìjíríà lè pàṣẹ kí a kọ méjèèjì síbẹ̀. Tádàwá tí yóò ná wọn kò tó nǹkan. Títí di ìgbà náà, kí oníbàárà béèrè pé bíìtì ni tàbí báìtì, kí ó sì rántí pé àwọn tí ó bá a pín wáyà náà yóò tún bù nínú rẹ̀. Bí ọkùnrin wa bá sì fẹ́ fi fídíò tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó tún béèrè iye ti fífi ránṣẹ́, nítorí iye ti gbígbà ni wọ́n sábà máa ń kọ gàdàgbà sí pátákó, ti fífi ránṣẹ́ a sì máa kéré sí i.