Àwa Oníkẹ̀kẹ́ Etí Adágún

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Chicago, ẹ kú ìjókòó o. Àwa tí à ń gun kẹ̀kẹ́ létí adágún Michigan ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ: “Ṣé wọn ò lówó mọ́tò ni?” A lówó mọ́tò. Inú mọ́tò la ń jókòó sí lọ síbi iṣẹ́, a délé, a tún jókòó. Ẹ̀rọ tí a fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìpàdé tó kọjá kò pọ́n wa lé.

Ọ̀nà náà gùn tó máìlì 18, mọ́tò kì í gba ibẹ̀. Láti 2018 ni wọ́n ti ya ti ẹlẹ́sẹ̀ sọ́tọ̀. Afẹ́fẹ́ ni wàhálà: tó bá ń tì yín lẹ́yìn, ẹ ó rò pé agbára yín ni. Ẹ yí padà ná!

Bí ẹnikẹ́ni bá ní eré òyìnbó ni, Major Taylor, aláwọ̀ dúdú, borí gbogbo ayé lórí kẹ̀kẹ́ ní 1899. Wọ́ọ̀dù àwọn aláìní ló kú sí níbí ní 1932. Àwa nọ́ọ̀sì kì í rántí ìyẹn ká má mí kanlẹ̀.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ rí dókítà, kó má sì dá oògùn dúró. Òfin Illinois kò fi dandan mú oníkẹ̀kẹ́ dé akoto, àwa ní kẹ́ ẹ dé e. Sátidé, aago méje àárọ̀, ní ìpẹ̀kun Ardmore.