Kí Ọkọ̀ Pẹ́, Kí Ẹni Tí Ń Tún Un Ṣe Pẹ́ Jù Ú Lọ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Kabba

  Mo rí àwọn ọ̀gá mi níwájú, mo rí àwọn àbúrò mi lẹ́yìn. Kí àgbà fún mi láàyè, kí èwe gbọ́ mi. N kò ní pẹ́, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní ẹrù láti gbé dé Lọ́kọ́jà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn awakọ̀ píkọ́ọ̀pù. Apá kan ní ike tí wọ́n ń gbé sínú ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó ń pẹ́ jù. Apá kejì ní rárá, èyí tí wọ́n ń fín mọ́ irin bí ọ̀dà ni baba. Ohùn ga, ìpàdé sì tú láìsí ìdáhùn. Alága wá ní kí n lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wá. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ju iṣẹ́ tí ẹ rán mi lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, a sì mọ píkọ́ọ̀pù 504 dáadáa ní ilẹ̀ wa kí Hilux tó gba ipò rẹ̀. Irin lásán ni ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà náà. Pákó ni àwọn àgbà awakọ̀ ń tẹ́ sí i. Ẹ̀yin náà mọ ẹrù tí à ń gbé: iṣu láti Búnú, gbágùúdá, igi gẹdú, òkúta, ewúrẹ́, àti sìmẹ́ǹtì láti Obajana. Ọ̀nà kọnkéré tó lọ láti Kabba sí Obajana, kìlómítà 43, ti tẹ́jú fún wa. Ṣùgbọ́n iṣu kì í hù lórí kọnkéré. Ọ̀nà oko ni a ti ń gbé e, ibẹ̀ ni ẹrù ti ń fò sókè tí ó ń já lulẹ̀ mọ́ irin. Bí ọ̀dà bá ti ha, omi á wọlé. Bí omi bá wọlé, irin á dípẹtà. Ọkọ̀ ni oko awakọ̀. Bí ilẹ̀ oko bá bàjẹ́, kí ni a ó kórè?

IKE ÀGBÉSÍ

Ẹ jẹ́ kí a pe ti àkọ́kọ́ ní àgbésí. Ike líle ni, tí wọ́n ti ṣe ní iléeṣẹ́ kí ó lè bá ẹ̀yìn irú ọkọ̀ kan mu. Ẹni méjì á gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n á dè é, iṣẹ́ ti parí. Irú ike rẹ̀ kò jìnnà sí èyí tí a fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì líle.

Ó ní ọlá tirẹ̀. Bí òkúta tàbí ẹ́ńjìnnì bá já lé e, ike náà á fara gbá a, irin abẹ́ rẹ̀ kò ní tètè jìn. Bí ó bá là, a lè ra òmíràn. Bí a bá fẹ́ ta ọkọ̀, a lè yọ ọ́. Kò sì sí ẹni tí ó ní láti fa afẹ́fẹ́ burúkú símú kí ó tó wọ ọkọ̀. Ẹ rántí gbólóhùn yẹn, nítorí mo ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

Àbùkù rẹ̀ wà lábẹ́. Nítorí pé kò lẹ̀ mọ́ irin, ó ń mì bí ọkọ̀ ti ń mì. Yanrìn á wọ àárín òun àti irin, òjò á sì tẹ̀ lé e. Nígbà náà, ike tí a rà kí ó dáàbò bo ọ̀dà á wá di sáńpépà tí ń ha á lójoojúmọ́. Ojú kò ní rí i. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a gbé ike ọkọ̀ kan sókè lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Lójú, ike náà ṣì ń dán. Ẹrẹ̀ ni a kó jáde lábẹ́ rẹ̀, nígbà tí mẹkáníìkì sì fi sukudiráfà tẹ irin igun rẹ̀, sukudiráfà wọlé. Awakọ̀ náà jókòó sílẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ.

Àbùkù kejì ni pé ike náà ń yọ̀, pàápàá bí ó bá tutù. Ẹrù tí a kò dè dáadáa á máa sáré síwá sẹ́yìn. Àbùkù kẹta ni oòrùn. Ike tó bá pẹ́ nínú oòrùn á gbẹ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í là.

ÀFÍNSÍ

Èkejì ni àfínsí. Kẹ́míkà olómi méjì ni. Ẹ̀rọ á mú wọn gbóná, wọ́n á pàdé nínú ìbọn tí a fi ń fín in, wọ́n á sì le mọ́ irin láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Nínípọn rẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi mìlímítà 3 nílẹ̀ ọkọ̀. Ó rí gbàgìdì-gbagidi lójú, ó sì ń di ẹrù mú.

Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, omi kò rí àyè wọ abẹ́ rẹ̀, yanrìn kò rí àyè. Bí ó bá ha níbì kan, a lè lẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, fún ẹni tí ń gbé ẹrù tútù lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà tí kò dára, òun ni ó ń pa irin mọ́ jù. Òótọ́ ni àwọn apá kejì sọ.

Ṣùgbọ́n mo ní “bí wọ́n bá ṣe é dáadáa.” Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ fọ gbogbo òróró kúrò, kí ó fi sáńpépà pa dídán ọ̀dà, kí ó nu eruku, kí irin sì gbẹ pátápátá. Bí irin bá tutù, kẹ́míkà náà á bá omi jà, afẹ́fẹ́ á jáde nínú wọn, ojú iṣẹ́ á sì lé ròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Bí eruku ọyẹ́ bá wà lórí irin, á ṣí bí èèpo. Bí wọ́n bá sì fín in lé ìpẹtà lórí, ìpẹtà náà á máa jẹ irin lọ lábẹ́ aṣọ. Àfínsí tí a ṣe jákujàku burú ju àgbésí lọ, nítorí a kò lè gbé e kúrò kí a fọ abẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè gba irin lọ́wọ́ jíjìn bí òkúta ńlá bá já lé e. Oòrùn náà sì lè mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá.

Nítorí náà, ìdáhùn mi nìyí. Ẹni tí ń gbé òkúta àti irin wúwo, tí ó sì lè gbé ike rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ṣáájú òjò àti lẹ́yìn òjò, kí ó fọ abẹ́ rẹ̀, kí ó kun ibi tó ha, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ: àgbésí tó o. Ẹni tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, tí ó sì rí oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́: àfínsí ni yóò pẹ́ fún un. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà dúdú tí a ń kùn sí abẹ́ mọ́tò tàn yín pé àfínsí nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀kan náà.

EPO NÍNÚ KẸ́Ẹ̀GÌ

Mo ní ohun tí mo rí ju iṣẹ́ tí ẹ rán mi lọ. Èkínní ni ọ̀rọ̀ iná. Ní ọdún 1998, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣèwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́, tí à ń pè ní NIOSH, kìlọ̀ fún gbogbo ayé nípa àwọn tí ń rọ epo sínú agolo irin nígbà tí agolo náà wà lórí ike ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Iná ń sọ, ènìyàn sì ń jóná.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ẹ mọ̀ pé bí a bá ń bọ́ aṣọ ọ̀rá nígbà ọyẹ́, ara rẹ̀ á máa dún pa-pa-pa, bí òkùnkùn bá sì wà, a lè rí iná wínníwínní. Bí bẹntiróòlù bá ń ṣàn wọ inú agolo, irú iná bẹ́ẹ̀ ń kó jọ sára agolo náà. Bí agolo bá wà nílẹ̀, iná náà á bá ilẹ̀ lọ. Bí ó bá wà lórí ike, kò rí ọ̀nà lọ, á fò sí ẹnu ìfami epo, níbi tí ooru bẹntiróòlù wà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó.

Gbogbo wa ni a ń ra epo jẹnẹrétọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ìbáà ṣe àgbésí, ìbáà ṣe àfínsí ni ó wà nínú ọkọ̀ yín, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì tàbí agolo sílẹ̀, kí ẹnu ìfami epo fara kan ẹnu rẹ̀ títí tí yóò fi kún. Ẹni tó bá ní ẹ̀yin ń fi àkókò òun ṣòfò, ẹ jẹ́ kí ó máa bínú.

Ẹ̀DỌ̀FÓRÓ ẸNI TÍ Ń FÍN IN

Èkejì ni ó wúwo jù lọ́kàn mi. Ọ̀kan nínú kẹ́míkà méjì tí mo sọ jẹ́ ti ìdílé tí a ń pè ní isocyanate. Èyí tí wọ́n ń lò jù fún ẹ̀yìn ọkọ̀ ni MDI. Bí wọ́n bá ti ń fín in, á di ìkùukùu nínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ń fà á símú lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní ikọ́ fée. Bí ó bá kan awọ ara lásán, ó lè ṣí ọ̀nà fún àìsàn náà. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé bí ara ẹnìkan bá ti kọ̀ ọ́, ìwọ̀nba kíún lè dá èémí rẹ̀ dúró ní ọjọ́ mìíràn.

Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2003, ọkùnrin ẹni ọdún 45 kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífín ẹ̀yìn ọkọ̀ kú nítorí ikọ́ fée tó dé sí i níbi iṣẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, NIOSH gbé ìkìlọ̀ jáde lórí iṣẹ́ yìí gan-an, pé ó lè fa ikọ́ fée àti ikú. Wọ́n ní kí a fín in nínú yàrá tí ẹ̀rọ ń fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, kí ẹni tí ń fín in sì wọ ìbòjú tí rọ́bà ń gbé afẹ́fẹ́ mímọ́ wá fún un láti ìta, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti aṣọ tó bo gbogbo ara.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, kí ni a máa ń rí ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà? Ọmọ iṣẹ́ tó so áńkáṣíìfù mọ́ imú. Áńkáṣíìfù kò dá kẹ́míkà yìí dúró. Ìbomú olówó pọ́ọ́kú kò dá a dúró. Bí a bá sọ fún yín pé iye tí wọ́n fẹ́ gbà kéré, ẹ bèèrè ẹni tí ń san ìyókù.

Ẹ̀yin wẹ́dà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Bí àfínsí bá ti le tán, kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi iná wẹ́dà kàn án, èéfín olóró á jáde, kẹ́míkà yẹn á sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ha á kúrò dáadáa níbi tí ẹ fẹ́ jó kí ẹ tó tan iná, kí ẹ sì ṣe é níta gbangba.

Òfin wà fún wa. Òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, tí àjọ NSITF ń bójú tó, kò dá ọmọ iṣẹ́ tàbí òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá ni ó ń san owó rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó oṣù ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ìjàǹbá nìkan ni ó wà fún. Ó wà fún àìsàn tí iṣẹ́ fà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tàbí ẹni rẹ̀ ní láti sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14. Nítorí náà, ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń há lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, tí ó bá sì ń yá a ní ọjọ́ ìsinmi, kí ó má pè é ní òtútù. Kí ó lọ rí dókítà, kí ó sọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí ó kọ ìwé sí ọ̀gá, kí ó sì mú ẹ̀dà ìwé náà wá fún akọ̀wé wa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ̀ka wa ṣe ohun méjì. Èkínní, kí awakọ̀ ẹgbẹ́ wa kankan má gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ìbòjú oníafẹ́fẹ́ fún ẹni tí ń fín in. Owó wa ni agbára wa. Ibi tí a bá ná an sí ni wọ́n ó ti gbọ́ wa. Èkejì, kí a kọ ọ̀rọ̀ epo inú kẹ́ẹ̀gì sára pátákó ní gbogbo gáréèjì wa, láti Kabba dé Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀.

Irin tó bá dípẹtà, a lè gé e, kí a jó òmíràn mọ́ ọn. Wẹ́dà tó lè jó ẹ̀dọ̀fóró tuntun mọ́ ènìyàn kò tíì dé Kabba. Kí ọkọ̀ wa pẹ́ fún wa. Kí àwa àti àwọn tí ń tún un ṣe pẹ́ ju ọkọ̀ lọ.

 Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.