Ẹ Má Tíì Pa Fáìlì Yín Rẹ́

Èmi ni mo máa ń tún ohùn ètò yìí ṣe kó tó dé etí yín. Lónìí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tí ẹ kì í rí: bí fáìlì ṣe ń kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan dé orí òmíràn. Kò dùn ún gbọ́ bí òfófó, ṣùgbọ́n ó ti pa mí lẹ́kún rí.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣe ètò yìí lọ sí Ìsẹ́yìn, ó lọ gba ohùn bàbá àgbà kan tó ń hun aṣọ òfì sílẹ̀. Èmi wà ní Ìbàdàn. Bàbá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Wọ́n sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín sányán, àlàárì àti ẹtù. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní orí òun wú.

Wákàtí kan irú ohùn bẹ́ẹ̀, tí a bá gbà á ní WAV sítẹ́ríò, 48 kHz, bíìtì 24, máa ń tó gígábáìtì kan. Ọ̀rẹ́ mi gbé e sórí ìkànnì kan tí wọ́n fi ń pín fáìlì. Íntánẹ́ẹ̀tì ń já, ó ń padà. Níkẹyìn, ìkànnì náà ní ó ti parí. Mo gbà á sórí kọ̀ǹpútà mi, mo tẹ̀ ẹ́, ohùn Bàbá sì jáde ketekete. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé, "Ṣé ó ti wọlé? Mo fẹ́ lo káàdì yìí lọ́la." Mo ní, "Ó ti wọlé. Pa á rẹ́."

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó jókòó tì í. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú 41, ohùn dákẹ́ lójijì. Ibi tí Bàbá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oríkì ọ̀gá wọn gan-an ló gé sí.

A padà lọ sí Ìsẹ́yìn. Bàbá ò bínú. Wọ́n tún gbogbo ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n nígbà tó kan oríkì, ìlà mélòó kan ni wọ́n rí kì. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, lọ́jọ́ yẹn, ó wá fúnra rẹ̀. Lónìí, kò wá."

Mo ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé ó ti wọlé?"

"Ìkànnì náà ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Alárù lo bi. Ṣé o ka ẹrù?"

Ni wọ́n bá ṣí Terminal, ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ọ̀nà tí a máa gbà ni ssh, tí Tatu Ylönen ṣe ní Finland lọ́dún 1995, lẹ́yìn tí ẹnì kan jí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn èèyàn gbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì yunifásítì wọn. Ohun tó bá gba inú ssh kọjá, ẹni tó ń yọjú lójú ọ̀nà kò lè kà á. Àṣẹ tó rọrùn jù láti fi gbé fáìlì gba ibẹ̀ ni scp. Ó dára fún ohun kékeré. Ṣùgbọ́n bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já nígbà tó ku díẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ máa tún un rán.

Èyí tí wọ́n kọ́ mi ni rsync, tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé jáde ní Australia lọ́dún 1996. A háyà sáfà kékeré kan. Ọ̀rẹ́ mi ń ti fáìlì síbẹ̀, èmi ń fà á láti ibẹ̀. Ohun tó ń tẹ̀ nìyí:

rsync -avP iseyin/ emi@safa:iseyin/

Ẹ fi orúkọ yín àti àdírẹ́sì sáfà tiyín rọ́pò "emi@safa". Lẹ́tà "a" ń jẹ́ kí fódà àti déètì inú rẹ̀ wà bó ṣe wà. "v" ń jẹ́ kó máa sọ ohun tó ń ṣe. "P" ni ọ̀gá: ó ń fi ibi tó dé hàn, ó sì ń tọ́jú ìdajì tó ti dé tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já. Láìsí i, rsync máa da ìdajì náà nù. Ẹ má gbàgbé ìlà dídá tó gbẹ̀yìn "iseyin/" àkọ́kọ́: tó bá wà níbẹ̀, ohun inú fódà nìkan ló ń lọ, tí kò bá sí, fódà náà fúnra rẹ̀ ló ń lọ. rsync sì gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì.

Tí iná bá lọ, ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń gbà máa gé ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, á ṣírò nọ́ńbà fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á sì fi àwọn nọ́ńbà náà ránṣẹ́. Èyí tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ á fi wọ́n wé tirẹ̀, kìkì ohun tó kù ló sì máa rán. Dátà yín ò ní ṣòfò.

Ó wá ku kíka ẹrù. Kí fáìlì tó kúrò lórí káàdì, ọ̀rẹ́ mi á wọ inú fódà náà, á tẹ̀:

sha256sum *.wav > onka.txt

Lórí Mac, shasum -a 256 ló máa fi rọ́pò sha256sum. Fáìlì kọ̀ọ̀kan máa ní àmì gígùn kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Tí bíìtì kan ṣoṣo bá yí padà, àmì náà á yàtọ̀ pátápátá. Tí gbogbo rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ mi, èmi náà á tẹ̀:

sha256sum -c onka.txt

Ó máa kọ OK tàbí FAILED. Òótọ́ ni pé rsync fúnra rẹ̀ ń yẹ fáìlì wò tó bá gbé e dé. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò kan ló ń yẹ̀ wò. Ọ̀nkà tí a ṣe láti orí káàdì máa ń tẹ̀ lé ohùn náà láti Ìsẹ́yìn dé sáfà, àti láti sáfà dé Ìbàdàn.

Òfin wa báyìí ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pa káàdì rẹ́ àyàfi tí OK bá jáde, tí ẹ̀dà fáìlì náà sì wà níbi méjì. Iṣẹ́ tí a gbà sílẹ̀ kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni iná lọ lórí rẹ̀. Agogo mọ́kànlá alẹ́ ló tó wọlé tán. Mo pe ọ̀rẹ́ mi, mo ní, "Ó ti wọlé."

Ó ní, "Alárù ló sọ bẹ́ẹ̀ ni, àbí o ti ka ẹrù?"

Mo ka OK fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, méje pérépéré. Ìgbà yẹn ló tó pa káàdì rẹ́.

Tí ohùn ìyá yín tàbí bàbá yín bá wà lórí fóònù tí ẹ fẹ́ tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ẹrù kí ẹ tó pa á rẹ́. Ó dìgbà kan ná o.