Ọwọ́ Ta Ni Yóò Ṣe É? Ohun Ọ̀ṣọ́ Àfọwọ́ṣe fún Ọjọ́ Ìdána

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi etí kan gbọ́ wa, tẹ́ ẹ ń fi èkejì gbọ́ ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ a ò ní dé ọ̀dọ̀ DJ, a ò sì ní dá sí ìjà aṣọ ẹbí. Àwọn nǹkan kéékèèké tí à ń fọwọ́ ara wa ṣe ni mo fẹ́ sọ: aṣọ orí tábìlì, òdòdó bébà, ẹ̀bùn ìrántí, igbá ìdána. Ẹ mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ojú ọ̀nà á ṣí Pinterest lóru, á rí òdòdó tí wọ́n fi bébà ṣe, á ní, "Hẹn! Ṣé nǹkan tí wọ́n ń gba owó gọbọi lé lórí náà nìyí? Èmi náà á ṣe é." Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwòrán ti kún inú fóònù ẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é o. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó lọ ra gọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ẹ ṣe ẹyọ kan péré. Ẹ ṣí aago orí fóònù yín kó máa ka ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní rìbọ́ọ̀nù àti orúkọ tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀bùn ìrántí kan gba ìṣẹ́jú 3. Àlejò 200 ńkọ́? Ìṣẹ́jú 600 nìyẹn, wákàtí 10 gbáko, láìjẹun, láìdìde, láìgbé ìpè ẹnikẹ́ni. Òdòdó bébà ńlá tó máa ń wà lẹ́yìn àga ọkọ àti ìyàwó ńkọ́? Tí ọ̀kan bá gba 40 ìṣẹ́jú, tẹ́ ẹ sì fẹ́ 30, wákàtí 20 ti lọ síbẹ̀. Ẹ̀yìn àga ló máa wà, ayàwòrán á gé ìdajì rẹ̀ dànù, tó bá sì di ọjọ́ Ajé, orí ààtàn ló ń lọ.

Ìbéèrè kejì ló wá ká mi lára jù: ọwọ́ ta ni yóò ṣe é? Tí ìyàwó bá ní "a máa ṣe é fúnra wa," ẹ wò ó dáadáa, ta ni "a" yẹn? Àbúrò ẹ̀ obìnrin ni. Ọmọ àǹtí tó wọkọ̀ wá láti Ìlọrin ni. Ọ̀rẹ́ méjì tí ojú ń tì láti sọ pé ó ti rẹ àwọn ni. Aago mẹ́ta òru ọjọ́ tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́ fún ìdána, wọ́n ṣì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, iná ti lọ, gọ́ọ̀mù gbígbóná ti jó wọn níka, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́fà àárọ̀ ni ẹni tó máa wé gèlè fún wọn ń bọ̀. Owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ fi pamọ́, oorun àwọn ọmọ yẹn lẹ fi san án. Mo ti rí i tó dìjà láàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ìjà tó pẹ́ ju àsè lọ.

Torí náà, ohun tèmi máa ń sọ ni pé kẹ́ ẹ mú nǹkan díẹ̀. Ẹ mú èyí tí ọwọ́ èèyàn máa kàn, tójú máa rí nítòsí, tó sì máa ṣẹ́kù sílé lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ìyókù, ẹ háyà á, tàbí kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ò ní í ná yín ní nǹkan kan: lẹ́tà ìtọrọ aya. Ẹ ṣá mọ̀ ọ́n, lẹ́tà tí ìdílé ọkọ máa ń mú wá, tí alága ìjókòó á ní kí ẹnì kan nílé ìyàwó dìde kà, àbúrò ìyàwó lọ́pọ̀ ìgbà, tíyẹn á sì kọ́kọ́ gbowó kó tó tú u. Ní gbogbo gbọ̀ngán, ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo èèyàn máa dákẹ́ gbọ́ nìyẹn. Kí la wá ń ṣe sí i? A ń wa ọ̀rọ̀ ẹlòmíì jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ń pààrọ̀ orúkọ, a ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kọ ọ́. Kí ọkọ lọ jókòó ti bàbá àti màmá rẹ̀, kó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí lára ọmọbìnrin yìí, kó sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ gẹ́lẹ́. Tí oríkì ìdílé ìyàwó bá wà, ẹ béèrè díẹ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà wọn, ẹ fi sí i. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, torí abẹ́ kánópì lẹni tó ń kà á máa dúró, máìkì á sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ kan. Kó má ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ fi àmì sórí orúkọ àwọn àna yín, kẹ́ ẹ sì ní kí ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò, torí orúkọ bàbá ìyàwó tẹ́ ẹ bá ṣì kọ, ẹ ó gbọ́ ọ títí dọjọ́ ìkómọ. Ní ti ohun tẹ́ ẹ máa fi dì í, àjákù aṣọ òkè tó ṣẹ́kù lára fìlà ọkọ ti tó. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ ọ sára ògiri pálọ̀.

Nǹkan kejì ni aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń gba àárín tábìlì kọjá. Àdìrẹ ni kẹ́ ẹ lò. Tábìlì róbótó elésẹ̀ bàtà 5 ló pọ̀ nínú gbọ̀ngán. Aṣọ tó gùn tó yáàdì méjì àbọ̀ á kọjá lórí ẹ̀, á sì sọ̀ sílẹ̀ ní ínṣì 15 lọ́tùn-ún lósì. Tí aṣọ yín bá fẹ̀ tó ínṣì 45, ẹ ya á sí mẹ́ta lóròó. Yáàdì 5 á fún yín ní 6. Àlejò 200, èèyàn 10 sí tábìlì kan, tábìlì 20 nìyẹn: yáàdì 20 á fún yín ní 24, mẹ́rin á sì ṣẹ́kù fún tábìlì kéèkì àti tàwọn alága.

Ta ló máa rẹ ẹ́? Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe ò ní kó jẹ́ ọwọ́ yín o. Ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wà ńbẹ̀, ẹ fún wọn ní tiwọn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ pàápàá, ẹ̀kọ láfún tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sórí aṣọ, kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń fi òpin ọ̀sẹ̀ kan kọ́. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní í débẹ̀, ọwọ́ tó ń yà á ò sì gbọdọ̀ gbọ̀n. Tó bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn lẹ ń fẹ́, ẹ bi wọ́n ní Ìbàdàndún, ọnà tó ní òpó Mápó nínú. Orí àwọn àna á wú.

Tó bá wá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ fúnra yín, oníko ni kẹ́ ẹ ṣe: ẹ di aṣọ náà ní kókó-kókó, ẹ kì í bọ aró, ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́. Òwú ni kí aṣọ náà jẹ́, torí pọ́líẹ́sítà ò ní í mu ún. Kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n ń pò mọ́ aró òde òní máa ń bó èèyàn láwọ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì lo abọ́ tẹ́ ẹ fi ń jẹun. Kẹ́ ẹ wá fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́ gaara. Ẹnì kan á ṣáà da omi sórí tábìlì lọ́jọ́ náà, tí àdìrẹ yín bá sì ṣì ń ta aró, léèsì funfun ìyá ọkọ ló máa gbà á. Mo ti sọ tèmi.

Ẹ̀kẹta, ní kúkúrú: igbá. Ẹ yé fi ọ̀rá àti rìbọ́ọ̀nù di obì àti orógbó mọ́ bí ẹ̀bùn Kérésì. Igbá fínfín wà, Ọ̀yọ́ lókìkí fún un, bí ẹ bá kó obì, orógbó àti ataare sínú ẹ̀, kò nílò ọ̀ṣọ́ míì. Iye tó yẹ kó wà nínú ẹ̀, ìwé tí ìdílé ìyàwó bá fún yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ẹ má bi Google.

Ẹ fi oṣù méjì sílẹ̀ fún aṣọ. Lẹ́tà, ẹ parí ẹ̀ nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó bá sì wá ràn yín lọ́wọ́, ẹ se oúnjẹ fún wọn, ẹ fún wọn lówó ọkọ̀ láìjẹ́ kí wọ́n béèrè. Bó bá jẹ́ Sátidé ni ìdána, kò gbọdọ̀ sí gọ́ọ̀mù lórí tábìlì yín lálẹ́ Ẹtì. Kí àbúrò ìyàwó ti sùn, òun ló ń ka lẹ́tà lọ́la.