"Inú Ń Run Mí": Ọ̀rọ̀ Ọmọ Níwájú Awo

  

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera ọkàn àwọn ọmọ wa àti ti ẹbí tó tọ́ wọn. Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mí ní yunifásítì, babaláwo sì ni mí nílé. Nítorí náà, ibi ọ̀rọ̀ ẹnu ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí Yorùbá ṣe ń sọ ohun tó ń ṣe ènìyàn. Inú mi kò dùn. Inú ń bí mi. Àyà mi ń já. Ọkàn mi kò lélẹ̀. Inú tí oúnjẹ ń lọ náà ni inú tí ìbànújẹ́ ń gbé. Àgbàlagbà mọ ìyàtọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè má tíì mọ̀ ọ́n. Bí ó bá sọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé pé, "Màmá, inú ń run mí," a ó fún un ní oògùn aràn. Bí ó bá tún sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, a ó ní ọ̀lẹ ni. N kò sọ pé gbogbo inú rírun ló ti ọkàn wá o, aràn wà. Ṣùgbọ́n inú tó ń run ọmọ lọ́jọ́ ilé ìwé nìkan, tí kì í run ún lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ bi í léèrè ohun tó wà ní ilé ìwé.

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí kò bá ti ì já sí wèrè, kò sí àìsàn kankan. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà jìn láàárín orí pípé àti wèrè, ojú ọ̀nà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wà: èyí tí kò rí oorun sùn mọ́, èyí tó dákẹ́ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, èyí tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ méje tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní ìṣòro ìlera ọpọlọ. Ẹ ka àwọn ọmọ inú agboolé yín wò.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ̀ àwa awo ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá. Ìyá yóò mú owó, yóò sọ̀rọ̀ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, yóò fi í lélẹ̀. Ta ló sọ̀rọ̀? Ìyá ni. Ọmọ jókòó síbẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n gbé wá. Ifá gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń túmọ̀, etí mi kò tó ti Ifá.

Nítorí náà, ọmọ fúnra rẹ̀ ni mo ń fún lówó kí ó bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n mú ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá kan wá, tí wọ́n ti ń pè ní ẹlẹ́gbẹ́ nítorí pé ó ń dá jókòó, ó sì ń sunkún lóru. Wọ́n ti bọ ẹgbẹ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé owó náà sẹ́nu, kò tètè gbé e kúrò. Ó pẹ́ gan-an, gbogbo wa dákẹ́. Nígbà tí mo dá Ifá tán, mo ní kí ìyá àgbà rẹ̀ nìkan dúró tì wá, mo sì bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ kí n mọ ohun tó sọ. Ó ní òun kò fẹ́ padà sí ilé tí wọ́n fi òun sí. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹbọ tó jáde, a rú u. Kò padà sí ilé yẹn, a sì mú un lọ bá dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn. Ó lọ fún oṣù mẹ́ta kí ó tó máa sùn mọ́jú.

N kò sọ pé kò sí ẹgbẹ́ ọ̀run. Ṣùgbọ́n ẹ fi gbólóhùn méjì wé ara wọn: "Ifá ní kí a bọ ẹgbẹ́ fún ọmọ yìí," àti "Ẹlẹ́gbẹ́ ni ọmọ yìí." Ti àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí àgbà yóò ṣe, èkejì ń sọ ohun tí ọmọ jẹ́, kì í sì í kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkọsẹ̀jayé. Odù tó jáde nígbà náà, ìmọ̀ràn ni fún òbí. Ọ̀pọ̀ ilé ti sọ ọ́ di ẹjọ́ tí wọ́n dá fún ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n ya sórí ewé díẹ̀. Gbogbo wa mọ asofẹ́yẹjẹ. Èròjà reserpine wà nínú rẹ̀, àwọn dókítà òyìnbó náà sì ti lò ó fún wèrè àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru rí. Ìkìlọ̀ tó bá oògùn náà rìn ni pé ó lè fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ẹni tó bá wá fún ọmọ tí ìbànújẹ́ ti dá dùbúlẹ̀ ní asofẹ́yẹjẹ, kí ló ń tọ́jú?

Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró, l'Abẹ́òkúta. Aláìsàn kì í dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, wọn a sì máa gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, wọn a máa dáná, wọn a máa ṣiṣẹ́. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Ó di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ilé ni a ń tọ́jú pa pọ̀ mọ́ aláìsàn. Bí bàbá bá ń na ìyá lójú ọmọ, kò sí àgbo tí ọmọ yóò mu tí àyà rẹ̀ kò fi ní máa já. Ẹ pe bàbá náà jókòó.

Ní 2019, Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí àwọn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè ní Nàìjíríà nítorí àìsàn ọpọlọ: ní ibùdó ìjọba, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ibùdó Mùsùlùmí, àti ní ibùdó ìṣègùn ìbílẹ̀. Ọmọdé wà lára wọn. A kò gbọdọ̀ fi "wọ́n ń ba àṣà wa jẹ́" dáhùn ìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n bu ọwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò ti 1958. Kí ẹgbẹ́ wa wá amòfin tí yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wa.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ilé awo kọ̀ọ̀kan mọ dókítà ọpọlọ kan tí wọ́n lè pè lórí fóònù. Kí a má ṣe de ọmọ mọ́lẹ̀, kí a má ṣe nà án, kí a má ṣe fi ebi pa á ní orúkọ ìtọ́jú. Bí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ kú, kí a má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí a tó wá ẹran ẹbọ. Ẹbọ yóò bá a níbẹ̀.

Mo rí ìyánífá tó ti nawọ́ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ àkọsẹ̀jayé. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tiwọn.