GPS Nínú Aṣálẹ̀ Ìráàkì
Lọ́dún 1991, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba inú aṣálẹ̀ wọ Ìráàkì. Iyanrìn lọ salalu, kò sí igi tí èèyàn lè fi ṣàmì. Ẹ̀rọ GPS alágbèéká ló ń gba àmì láti ara sátẹ́láìtì, tó ń sọ ibi tí wọ́n dé fún wọn. Ẹ̀rọ ti ológun kò kárí, ni ìjọba bá ra ti ọjà kún un. Àwọn sójà kan tilẹ̀ kọ̀wé sílé pé kí wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́. Ẹ wá gbọ́ o: Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló ti ń mọ̀ọ́mọ̀ da àmì ti aráàlú rú, kí ọ̀tá má bàa rí i lò! Àmì ti aráàlú yìí sì ni ẹ̀rọ ọjà ń gbà, nítorí náà wọ́n ní láti dá dída àmì rú yìí dúró nígbà ogun náà. Oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni wọ́n tó pa á tì pátápátá.